Ẹ Wọn Iná Katakata Kí Ẹ Tó Ra Báàtìrì Mìíràn

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí títí kan Kíṣí, ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo àgbẹ̀ máa ń wá katakata. Ilẹ̀ tó ti gan láti ìgbà ọyẹ́ ti gba omi sára, irin ìtúlẹ̀ lè wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì fi falẹ̀ mọ̀ pé àgbàdo òun kò ní í bá òjò tó yẹ kó fi yọmọ. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́ máa ń dákẹ́ mọ́ olówó wọn lọ́wọ́. Awakọ̀ á yí kọ́kọ́rọ́, sítátà á dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á wọmi, ó parí nìyẹn.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní katakata. Wọ́n á ránṣẹ́ pe rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀. Rìwáyà á fọwọ́ kan orí báàtìrì, á ní báàtìrì ti kú. Wọ́n á ra òmíràn, katakata á ta, gbogbo ènìyàn á dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ náà ni yóò tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ́tánétọ̀ ni wọ́n á dá lẹ́bi. Wọ́n á wọkọ̀ lọ sí Araromi ní Agodi-Gate n'Íbàdàn, tàbí sí Ládípọ̀ ní Mushin, wọ́n á ra tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dán wò, wọ́n á dè é mọ́ ibi tí wọ́n ti tú ti àkọ́kọ́. Kí òjò tó dá, báàtìrì tuntun náà á ti lọ bá èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pa tì lẹ́bàá ògiri. Owó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, àìsàn kan náà ṣì wà níbẹ̀.

Àìsàn tó bá ń padà wá lẹ́yìn tí a ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan, a kò tíì mọ̀ ọ́n ni. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ páàtì lára katakata àtijọ́ láìfi mítà wọn iná rẹ̀ kò ṣe àtúnṣe kankan. Owó àgbẹ̀ ló ń ná. Mọ́tímítà, ìyẹn mítà kékeré oníwáyà méjì, pupa àti dúdú, tí wọ́n fi ń wọn fóòtì, kéré gan-an lówó sí báàtìrì kan ṣoṣo. Síbẹ̀, oko tí ẹ ó ti bá báàtìrì òkú mẹ́ta nílẹ̀ pọ̀ ju oko tí ẹ ó ti bá mítà kan lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ni àwọn katakata yìí, kí wọ́n kó wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Massey Ferguson 135 tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa mọ̀ bí ẹni mowó, ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ilé iṣẹ́ Banner Lane ní ìlú Coventry, lórílẹ̀-èdè England. Katakata tó jáde nílé iṣẹ́ yẹn láàrin 1946 sí 2002 lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì Perkins onípísítìnì mẹ́ta ló wà nínú 135 oní-dísẹ́ẹ̀lì. Bí òróró àti omi rẹ̀ bá ń pé, ọmọ ẹni tó rà á lè máa fi túlẹ̀ dòní. Ford 5000 náà wà lóko, Fiat wà, Steyr tí wọ́n ti tò pọ̀ rí ní Bauchi wà. Agbára ṣì ń bẹ lára wọn. Wáyà wọn ló ti gbó.

Ìdí kan wà tí àìsàn iná fi máa ń pẹ́ kó tó hàn lára irú ẹ̀rọ báyìí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kò nílò iná mànàmáná mọ́ tó bá ti ta. Pọ́ǹpù tó ń fún dísẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí i; kódà, wáyà kan ni awakọ̀ máa ń fà kó tó lè pa á. Bí ọ́tánétọ̀ bá dákẹ́ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, katakata á túlẹ̀ dìrọ̀lẹ́ láìkọsẹ̀. Ọkọ̀ bẹntiróòlù ayé òde òní á ti kú sójú títì kí ọ̀sán tó pọ́n, onítọ̀hún á sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ti katakata kò rí bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, tàbí ti ọ̀sẹ̀ kẹta, ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Báàtìrì kì í ṣe orísun iná. Àmù ni, ọ́tánétọ̀ ló ń pọnmi sínú rẹ̀. Nígbà tí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì, ó lè fa áḿpù 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ohun tó ń bù kúrò nínú báàtìrì nígbà kọ̀ọ̀kan kò ju bí áḿpù-wákàtí 0.6 lọ. Kí á wá sọ pé báàtìrì tuntun áḿpù-wákàtí 80 ló wà lára katakata, tí wọ́n ń ta á lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, tí ṣáàjì kan kò sì wọ inú rẹ̀ rárá. Yóò máa ta títí wọ ọ̀sẹ̀ kẹta kó tó di pé ohun tó ti lọ nínú rẹ̀ ju ìdajì lọ. Nítorí náà, pé katakata ta lẹ́yìn tí wọ́n ra báàtìrì kò fi nǹkan kan hàn. Báàtìrì tuntun á tan ènìyàn jẹ títí wọ ọ̀sẹ̀ kẹta, rìwáyà á ti gba owó rẹ̀ lọ, àgbẹ̀ á sì máa bú ẹni tó ta báàtìrì ayédèrú fún un. Ẹni tó ta báàtìrì lè má jẹ̀bi rárá.

Katakata àtijọ́ tún ní ìtàn nínú wáyà rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, dáínámò ni wọ́n ní, pẹ̀lú kọ́tàótù lọ́tọ̀ tó ń ṣọ́ iye iná tó ń wọ báàtìrì. Dáínámò kì í ṣáàjì dáadáa tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́. Àfi kí eré rẹ̀ gòkè. Lára ọ̀pọ̀ wọn, pọ́sítíìfù báàtìrì ni wọ́n so mọ́ ara irin. Nígbà tó yá, ọ́tánétọ̀ gbapò, nẹ́gétíìfù ló sì gbọ́dọ̀ wà lára irin lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá yọ dáínámò, tó so ọ́tánétọ̀ síbẹ̀, tó gbàgbé láti yí ojú báàtìrì padà, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn dáyóòdù inú ọ́tánétọ̀, tí kì í jẹ́ kí iná gba ẹ̀yìn padà, á jó. Ọwọ́ bíi mélòó kan ló ti kan wáyà katakata tó ti lo ogójì ọdún: ẹnìkan gé níhìn-ín, òmíràn lọ́ ọ pọ̀ lọ́hùn-ún, ẹnìkẹta fi rọ́bà wé e. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí kò gbọdọ̀ fojú àwọ̀ wáyà ṣèdájọ́.

Ẹrù tí wọ́n ń dì ru ẹ̀rọ náà sì ti pọ̀ sí i. Àwọn dáínámò kan wà lára katakata àtijọ́ tí agbára wọn kò ju áḿpù 11 lọ. Gílóòbù iwájú méjì tó jẹ́ wáàtì 45 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná ẹ̀yìn wáàtì 55 tí wọ́n fi ń túlẹ̀ lálẹ́, wáàtì 145 ni. Lórí fóòtì 12, áḿpù 12 nìyẹn. Ẹrù ti ju alágbára lọ kí ẹnikẹ́ni tó so rédíò mọ́ ọn, kí wọ́n tó máa ṣáàjì fóònù mẹ́ta lára rẹ̀. Irú katakata bẹ́ẹ̀ á máa jẹ báàtìrì run bí páàtì kankan kò tilẹ̀ bàjẹ́ lára rẹ̀, ọ́tánétọ̀ tàbí iná LED tí kì í fa áḿpù púpọ̀ ni oògùn rẹ̀. Kí á ra báàtìrì ńlá kún un kò lè wò ó sàn.

Ìdíwọ̀n tó yẹ kó ṣáájú kò gba àkókò. Ní àárọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n fi mítà kan orí báàtìrì méjèèjì. Fóòtì 12.6 tàbí díẹ̀ lé, ó kún. 12.2, ó ti dé ìdajì. Bí kò bá tó 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì, kí eré rẹ̀ gòkè díẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Mítà gbọ́dọ̀ gòkè dé 13.8 sí 14.4. Bí ó bá dúró sórí iye tó wà láàárọ̀, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣáàjì kankan kò wọlé. Bí ó bá kọjá 15, régúlétọ̀ tó ń ṣọ́ iye fóòtì ti bàjẹ́, ó sì ń se báàtìrì náà jinná. Ìdí nìyí tí omi inú rẹ̀ fi ń tètè gbẹ tí òórùn ásíìdì fi ń gba inú ahéré. Kí wọ́n wá tan gbogbo iná, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ṣì ń lé ní 13.5. Gbogbo èyí kò gba ìdá mẹ́rin wákàtí.

Kí ọwọ́ tó kan ọ́tánétọ̀, ojú gbọ́dọ̀ kan bẹ́líìtì. Eruku oko a máa fọ́n sára rẹ̀, òróró a máa tà sí i, ojú rẹ̀ á máa dán, á sì máa yọ̀ lórí irin tó ń yí i. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó gùn jù lára rẹ̀, tó wọlé ju bí ìdajì íǹṣì lọ dáadáa, kí ẹ fà á. Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì kò jù báyìí lọ.

Ọ̀rọ̀ gílóòbù pupa ló yẹ kí á dúró lé lórí díẹ̀, nítorí kò sí ohun kékeré tó ń fa owó ńlá tó o. Lára ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ Lucas tó wà lára katakata ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gílóòbù wáàtì 2.2 tó ń tàn pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ní iṣẹ́ tó ju kó máa kìlọ̀ lọ. Iná díẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá ni ọ́tánétọ̀ fi ń jí. Bí gílóòbù yẹn bá jó, tàbí tí ẹnìkan bá yọ ọ́ nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ́tánétọ̀ tó pé pérépéré lè máa yí látàárọ̀ dalẹ́ láìmú ẹyọ áḿpù kan wá. Wọ́n á tú u, wọ́n á sọ pé ó ti kú, wọ́n á ra òmíràn, òmíràn náà kò ní í ṣáàjì. Àwọn kan ti ra ọ́tánétọ̀ méjì léraléra nítorí gílóòbù tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Kí wọ́n tan kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì. Iná pupa gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, kí wọ́n fa sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀ yọ. Wáyà tó nípọn, tó ń gbé ṣáàjì lọ, wà níbẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Tíńrín kan sì wà, aláwọ̀ ilẹ̀ tí ìlà òfeefèé gba ara rẹ̀ kọjá, bí kò bá jẹ́ pé rìwáyà kan ti yí i padà. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tó nípọn kan irin rárá, nítorí iná báàtìrì wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Kí wọ́n mú tíńrín yẹn, kí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tó mọ́. Bí iná pupa bá tàn nígbà yẹn, gílóòbù àti wáyà rẹ̀ pé. Inú ọ́tánétọ̀ ni àléébù wà, kábọ́ọ̀nù tó ti jẹ tán ló sì sábà máa ń jẹ́. Kábọ́ọ̀nù ṣeé rà lọ́tọ̀, ó sì ṣeé pààrọ̀ lábẹ́ igi. Bí iná pupa kò bá tàn síbẹ̀, ẹ fi ọ́tánétọ̀ sílẹ̀, ẹ tọ wáyà lọ sídìí gílóòbù.

Ẹ̀gbẹ́ kejì tó yẹ kí á yẹ̀ wò ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí báàtìrì. Wáyà pupa ni gbogbo ènìyàn máa ń lé kiri. Bẹ́ẹ̀, iye iná tó ń jáde lórí pọ́sítíìfù náà ló gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sórí nẹ́gétíìfù. Lára katakata, irin ni ọ̀nà àbọ̀: ara ọ́tánétọ̀ fún irin tó gbé e dání, irin yẹn fún ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì fún okùn wáyà híhun tó ń lọ sórí báàtìrì. Ibikíbi tí ọ̀dà, ìpẹtà tàbí ẹrẹ̀ bá ti wọ àárín irin méjì, ọ̀nà ti dí níbẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun katakata. Wọ́n á fi ọ̀dà pupa tuntun kùn ún kó lè dán, wọ́n á kun ibi tí ẹ́ẹ̀tì ń dì mọ́ pẹ̀lú, ṣáàjì á sì dínkù láti ọjọ́ náà.

Ojú kò lè rí ìdíwọ́ yìí, ṣùgbọ́n mítà á rí i. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, iná iwájú á máa tàn. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí òjé nẹ́gétíìfù báàtìrì gan-an, kí ó má jẹ́ orí kíláàmpù tó dì í mú. Ẹ fi èkejì kan ara ọ́tánétọ̀. Ohun tí mítà bá sọ ni iye fóòtì tó ń ṣègbé lójú ọ̀nà. Kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Bí ó bá sọ 1, ọ́tánétọ̀ ń ṣe 14.2 lẹ́yìn ara rẹ̀, 13.2 ló ń dé ọ̀dọ̀ báàtìrì, báàtìrì tó ń jẹ 13.2 kò sì ní í kún láéláé. Kí ẹ tún gbé ẹsẹ̀ mítà kan sórí òjé, kí èkejì wà lórí kíláàmpù tó yí i ká. Àwọn kan á bá 0.5 láàárín ohun méjì tó fara kan ara wọn yìí! Ìyẹ̀fun funfun aláwọ̀ ewé tó ń hù síbẹ̀ ló fà á. Omi gbígbóná, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti gíríìsì díẹ̀ á tún un ṣe. Kí wọ́n ṣe irú ìdíwọ̀n kan náà lórí pọ́sítíìfù, láti ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ dé orí báàtìrì. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, iṣẹ́ tó wà nínú ìpínrọ̀ yìí nìkan lè gba ọ̀pọ̀ báàtìrì là ní Òkè-Ògùn kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.

Nígbà mìíràn ṣáàjì ń wọlé dáadáa ní ọ̀sán, síbẹ̀ báàtìrì á sùn gbẹ. Nǹkan kan ń fà á lóru. Kí wọ́n pa gbogbo iná, kí wọ́n tú kíláàmpù nẹ́gétíìfù, kí wọ́n yí mítà sí áḿpù, kí wọ́n so ó sí àárín kíláàmpù àti òjé, kí wọ́n má sì dábàá láti ta ẹ́ńjìnnì bí mítà bá wà níbẹ̀. Lára katakata tí kò ní kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí òdo. Bí ó bá sọ ìdajì áḿpù, áḿpù-wákàtí 12 ń lọ láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Báàtìrì áḿpù-wákàtí 60 á gbẹ láàárín ọjọ́ márùn-ún tí katakata fi dúró jẹ́. Kí wọ́n fa sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ yọ. Bí mítà bá padà sí òdo, dáyóòdù kan ti ń jò nínú rẹ̀. Bí kò bá padà, kí wọ́n máa yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀daràn á fi jáde.

Dáyóòdù kì í déédéé jò. Àṣà wa ló ń pa púpọ̀ nínú wọn, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n tú orí báàtìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá ó ń ṣáàjì. Láyé dáínámò ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀gá sì fi kọ́ ọmọ iṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe é fún ọ́tánétọ̀, fóòtì rẹ̀ á ṣàdédé fò sókè kọjá ohun tí dáyóòdù àti régúlétọ̀ lè fara dà. Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ ló ń pa ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀gá rìwáyà gbọ́dọ̀ fòfin de èyí ní ìsọ̀ wọn. Wẹ́dà tó fẹ́ jó irin lára katakata gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú báàtìrì, kó sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ́tánétọ̀ yọ. Awakọ̀ tó bá sì ń wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ onítírélà kó mọ̀ pé báàtìrì méjì tí wọ́n so pọ̀ lára tírélà, fóòtì 24 ni. Katakata fóòtì 12 kò lè gbà á.

Báàtìrì náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa ń gbé omi inú rẹ̀ lọ. Ásíìdì kì í bá a lọ. Omi mímọ́ tí wọ́n ṣe fún báàtìrì nìkan ni kí wọ́n fi kún un. Ẹni tó bá ń bu ásíìdì kún un nígbà gbogbo ń jẹ páálí òjé inú rẹ̀ run. Báàtìrì tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ láìkún fún oṣù mẹ́ta ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, páálí inú rẹ̀ á gan, kò sì ní í gba ṣáàjì dáadáa mọ́.

Kò tọ́ kí gbogbo ẹ̀bi wà lórí rìwáyà. Ọ̀pọ̀ wọn mọṣẹ́ débi pé wọ́n lè tọ wáyà kan la katakata já láìsí àwòrán lọ́wọ́. Oníbàárà ló ń kọ́ wọn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Àgbẹ̀ tó bá rí ọ́tánétọ̀ tuntun á sanwó, nítorí ojú rẹ̀ rí ohun tí ó rà. Kí rìwáyà lo wákàtí méjì pẹ̀lú mítà, kó ha kíláàmpù kan, kó pààrọ̀ gílóòbù kan, kó wá béèrè owó iṣẹ́, àgbẹ̀ á ní, "Kí lo ṣe? Gílóòbù lásán!" Ẹni tó bá ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí á tètè mọ̀ pé ríra páàtì ló ń mówó wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ tó ní katakata gbọ́dọ̀ máa sanwó ìwádìí lọ́tọ̀, kí wọ́n sì ní kí rìwáyà kọ iye fóòtì tó bá sílẹ̀ kó tó dárúkọ páàtì kankan. Ibi tí kò bá ti sí iye fóòtì nínú ìwé, kí owó báàtìrì má jáde nínú àpò ẹgbẹ́.

Ìjọba náà ní ìpín nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ṣí aṣọ lójú katakata 2,000 tí wọ́n kó wá láti Belarus. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹni tó mọ iye ọkọ́ tí ọwọ́ ń gbé. Ṣùgbọ́n katakata tuntun lónìí ni katakata àtijọ́ ọ̀la, eruku kan náà ni yóò wọ ẹ́ẹ̀tì wọn. Àjọ NCAM tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nílé wa níbí, ní Ìdòfìàn ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá, tó ní àwòrán wáyà àti iye fóòtì tó yẹ, kò ju agbára irú àjọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ pín katakata, kí mọ́tímítà kan wà nínú àpótí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí awakọ̀ tó gba kọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n lò.

Ó wá ku àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Ọ́tánétọ̀ tó ti òkè òkun dé kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ó wà láàyè tàbí ó ti kú. Àfi kí wọ́n yí i. Mọ́tò iná kékeré, bẹ́líìtì kan, báàtìrì kan, gílóòbù wáàtì 2.2 kan àti mítà kan ti tó láti fi dán an wò níwájú ìsọ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ olùtajà ní Araromi àti Ládípọ̀ sọ ọ́ di òfin láàárín ara wọn pé ọ́tánétọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kúrò lórí àtẹ láìjẹ́ pé oníbàárà ti fojú ara rẹ̀ rí 14 lójú mítà. Ẹni tó bá kọ̀ láti yí i wò, kí àgbẹ̀ gbé owó rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ kejì.